Orúkọ Tí Àwa Méjèèjì Jọ Ń Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara dà á. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, tí wọ́n fi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aránṣọ. Abẹ́rẹ́ ni ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n mú, kì í ṣe kálámù. Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́ níbì kan, ẹ kà á sí aṣọ tí ọmọṣẹ́ rán. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò tóbi, ṣùgbọ́n n kò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú máa ń tì mí.

Inú agboolé kan náà ni wọ́n ti bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ní Àpọ̀mù. Nígbà tí a wà ní kékeré, àwa ni wọ́n máa ń fi ṣọ́ kòkó tí wọ́n bá sá, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni a ti jọ jẹ ohun kan lọ́jọ́ kan, ó sì dùn mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ orúkọ rẹ̀ di orúkọ àwa méjèèjì. Ẹni tó bá ti ní ọ̀rẹ́ àtàtà rí nílẹ̀ wa mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pè mí, n kì í dáhùn pé "Hẹ̀n." Orúkọ náà gan-an ni mo fi ń dá a lóhùn. Ẹni kẹta kì í jẹ ẹ́. N kò ní í kọ ọ́ síbí.

Ìwé tèmi dúró, tirẹ̀ ń lọ. Ó ṣe iléèwé mọ́dà, ó sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́bìnrin ní Ìkirè. Ọjọ́ Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń gba àlejò níbẹ̀. N ó wọ ọkọ̀ onígi láti Àpọ̀mù, n ó ra dòdò lẹ́bàá títì ní Ìkirè, èyí tó dúdú tó sì ta, tí wọ́n fi ewé dì, n ó sì bá a lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé tí wọ́n ń sùn. Sínnọ̀ ni ní ọdún tí mò ń wí yìí. Àwọn ọmọ kékeré ló ń pọnmi fún un, òun kàn ń fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́yinná lọ aṣọ rẹ̀ ni. Yóò sọ fún mi bí mátírọ̀nì wọn ṣe ń gbóòórùn ọbẹ̀ láti òkèèrè, àti bí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kí ó lọ kọ́ ṣe ń fi ohùn rẹ̀ sín in jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dùùrù ló pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, torí pé ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Yóò fi ìka tẹ itan mi bí ẹni pé itan mi ni dùùrù náà, yóò ní kí n máa kọrin kí òun lè mọ ibi tí ìka òun yóò bọ́ sí. Iwájú rẹ̀ nìkan ni mo ti lè kọrin sókè.

Ní ọdún náà ni ọmọ Èkó kan dé sí kíláàsì wọn. Ó ga, ó pupa, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Sátidé kan ni mo dé abẹ́ máńgòrò, mo sì bá àwọn méjèèjì lórí ẹní. Itan ọmọ Èkó náà ni ọ̀rẹ́ mi ń tẹ̀.

Ọmọ náà rí mi, ó ní, "Aránṣọ wa, káàbọ̀! Ojoojúmọ́ lọ̀rẹ́ ẹ ń fi ọ́ yangàn níbí. Dòdò wa dà?"

Dòdò wa! Mo gbé e fún un. Ó jẹ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹnu.

"Yéè! Ó mà ta o! Aránṣọ, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Má dá a lóhùn. Ata rodo kan ṣoṣo, gbogbo Èkó á sá wọ òkun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá ara wọn léjìká. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohun tó ń dùn mí ni pé ata náà kò ta tó.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde wọn, wọ́n fẹ́ ṣe kóńsáàtì ìdágbére. Ọ̀rẹ́ mi gbé aṣọ funfun wá fún mi. "Kí ó fún mi ní ìbàdí o," ó wí. "Bá ọ̀rẹ́ wa rán tirẹ̀ náà, irú kan náà." Mo wọn ọmọ Èkó náà. Mo ti ń gbàdúrà kí ìbàdí rẹ̀ tóbi, ó sì kéré ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo rán tirẹ̀ dáadáa ju gbogbo aṣọ tí mo ti rán rí lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ mi kò mọ́. Ọ̀gá mi yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ta ni ìyàwó yìí?" Mo gbà á, mo ká a.

Ọ̀sán ni wọ́n ṣe kóńsáàtì náà. Àwọn òbí àti tíṣà kún inú gbọ̀ngàn, n kò sì lè wọlé. Mo dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó sún mọ́ dùùrù. Ọ̀rẹ́ mi jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù. Ọmọ Èkó náà dúró tì í kí ó lè gbé orin, ṣùgbọ́n nígbà tó kàn án, ẹnu rẹ̀ kò là. Ọ̀rẹ́ mi tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kò gbin. Àwọn èèyàn ti ń húkọ́. Mo rí i tó fún etí aṣọ tí mo rán mọ́wọ́, mo sì sọ nínú mi pé ó ti tán, ó ti tán fún un.

Ni ọ̀rẹ́ mi bá tẹ orí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é ní orúkọ wa.

Ọmọ náà fi orúkọ kan náà dá a lóhùn.

Pé ó pè é dùn mí. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ló gún mi jù, torí kò rò ó rárá kó tó dáhùn, bí ẹni tó ti ń jẹ́ ẹ tipẹ́. Lẹ́yìn èyí ló la ẹnu, ó kọrin, ohùn rẹ̀ sì kún gbọ̀ngàn náà débi pé àwọn tíṣà dìde. Mo pàtẹ́wọ́, torí pé gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wọ ọkọ̀ padà sí Àpọ̀mù. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni ọmọ Èkó náà fẹ́ sùn, torí pé Aràròmí-Òwu ni àwọn méjèèjì ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbà wọ́n sí iléèwé kan náà níbẹ̀. Ó sùn lọ nínú ọkọ̀. Mo wá fi ọwọ́ kan ọ̀rẹ́ mi.

"Orúkọ yẹn, ìwọ lo fún un?"

"Èwo? Áà!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó gbọ́ tí mo fi pè ọ́ ni, ó sì dùn mọ́ ọn. Ṣé omi àmù ni, tí ẹlòmíràn bá bù níbẹ̀ tí yóò dín?"

"Rárá."

"Ìwọ náà á máa wá kí wa ní Aràròmí."

Mo ní n ó máa wá.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi wo ojú mi, wọ́n sì bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí, ò ń jowú bí ìyálé tí ọkọ rẹ̀ gbé ìyàwó tuntun wọlé! Ṣé ọkọ rẹ ni?" Mo wọ yàrá lọ. Mo rò ó pé ọkọ ìbá sàn, torí pé ìyálé ní àgbààgbà tó lè fẹjọ́ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mò ń gbálẹ̀ níwájú agboolé wa nígbà tí àwọn méjèèjì jáde, pẹ̀lú àpótí lórí. Ọ̀rẹ́ mi dúró, ó pè mí ní orúkọ wa. Ó ń retí kí n dáhùn bí mo ṣe máa ń dáhùn. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un, ẹni tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, mo sì fi ohùn jẹ́ẹ́ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, tíṣà." Lẹ́yìn náà mo gba àpótí orí rẹ̀, mo gbé e rù, mo sì ṣáájú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì.