Àgógó Àtíòro Lára Ògiri

Ariwo ìyẹ́ àtíòro ló máa ń jí mi láàárọ̀ ní abúlé wa lẹ́yìn Ọdẹ́dá. Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, abo rẹ̀ á wọnú ihò igi, òun àti akọ á jọ fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà, á wá ku ojú tóóró tí kò gbà ju àgógó lọ. Ibẹ̀ ló máa wà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tí akọ á máa gbé èso wá bọ́ wọn. Bí bàbá mi bá pẹ́ lóko, ìyá mi á ní, "Ẹ wo ọkọ àtíòro, ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí tísà wa fi àwòrán ẹyẹ òkèèrè kan hàn wá nínú ìwé. Àgógó rẹ̀ tóbi, ó pọ́n bí ọsàn. Èmi aláṣejù nawọ́ sókè: "A ní irú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa, sà!" Mo rò pé wíwò ló fẹ́ wá wò ó. Ìbọn ló gbé wá lọ́jọ́ Sátidé, ó sì yìn ín lu akọ.

Mo kígbe! "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyàwó ẹ̀ ń bẹ nínú igi!" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹyẹ lásán ni. Bàbá mi dúró síbẹ̀, bàbá mi tí kì í lọ sípàdé kó má sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà," ló sọ. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Igi náà ga, àkàbà wa ò dé ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni àgógó abo fi ń yọ lójú ihò, tó ń retí ọkọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, kò yọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tísà kan àgógó akọ mọ́ ògiri kíláàsì, tó ní ká pàtẹ́wọ́. Mo dìde. "Ẹ pa ọkọ, ẹ tún febi pa ìyàwó àtọmọ!" Ẹgba mẹ́fà ló fún mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Títí dòní, inú ọkùnrin náà ṣì ń bí mi.

Èmi náà ti di ọ̀gá ilé ìwé báyìí, ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìgégi dé ẹ̀yìn ọgbà wa, wọ́n ní olówó kan ti ra ilẹ̀ ibẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí akọ àtíòro tó ń ki èso bọ ihò igi tí wọ́n fẹ́ gé. Kí n kàn ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹyẹ náà kọ́kọ́ fò, ẹnu mi ò gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ti jẹgba mẹ́fà nítorí ẹyẹ yìí. Èmi tí kò sẹ́ni tó lè nà mí mọ́, mo rìn kọjá lára wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni mo sọ.