Orí Tí N Kò Jẹ́ Kí Ọkọ Mi Rí

Onídìrí mi kì í dákẹ́. Bí ooyà bá ti kan orí ènìyàn, ẹnu rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ó ṣàdédé dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn etí mi, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Àǹtí, ta ló fá ibí fún yín?"

Mo na ọwọ́ síbẹ̀. Ìka mi bọ́ sórí ibì kan tó ń dán, tó ń yọ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Kò dùn mí, kò yún mí, kò sí egbò níbẹ̀. Ká ní ó ń dùn mí ni, ẹ̀rù tó bà mí ì bá mọ níwọ̀n. Mo ní kó máa di irun náà lọ, kó fi èyí tó kù bò ó. Ó dì í, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi parí.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níhìn-ín ní Ọ̀yọ́. Ilé ẹbí ọkọ mi ni à ń gbé: èmi, ọkọ mi, Tómi ọmọ wa, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ibi dídán yẹn bímọ káàkiri orí mi. Mò ń bá irun nínú ìrọ̀rí, nínú ọṣẹ, lára aṣọ. Kò kúkú ṣòro láti fi pa mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni à ń lọ, obìnrin kì í sì í ṣí orí níbẹ̀. Mo lo òróró àgbọn, mo lo ọṣẹ dúdú, mo lo omi àlùbọ́sà títí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń bi ara wọn léèrè ẹni tó ń se ọbẹ̀. Irun ò dá mi lóhùn.

Màmá ló kọ́kọ́ rí gbogbo orí náà. Mo ń fọ orí lẹ́yìnkùlé, mo rò pé ó ti lọ sọ́jà. Ó yọ sí mi, ó sì ké bí ẹni tó rí òkú. Ó já ìborùn èjìká rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lórí, omi ọṣẹ ń ṣàn sí mi lójú.

"Ṣé o fẹ́ ṣe opó ọmọ mi lójú ayé rẹ̀ ni?"

"Màmá, àìsàn ni. Ó ń já fúnra rẹ̀ ni."

"Ohun yòówù kó jẹ́. Opó la máa ń fá irun rẹ̀. Kúnlé ò gbọdọ̀ rí i. Ṣó o gbọ́ mi? Títí irun á fi padà, kò gbọdọ̀ rí i."

Ó so ìborùn náà le mọ́ mi lórí. Màmá kì í ṣe òǹrorò, kò sì tíì fi ìyá ọkọ jẹ mí níyà rí. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Kúnlé ni ọkọ mi. Awakọ̀ ni. Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ná pẹ̀lú bọ́ọ̀sì rẹ̀, àárọ̀ ni yóò lọ, ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Mo kàwé, mo sì mọ̀ pé irun kì í pa awakọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà lọ́tọ̀, àyà jíjá wà lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so síkáàfù le sùn, tí mo ń kẹ̀yìn sí ọkọ mi, tí mo sì ń tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ àdúgbò wa.

Ilé ìwòsàn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo gbọ́ pé dókítà awọ ara wà. N kò wọ bọ́ọ̀sì ọkọ mi débẹ̀. Mo ní àwa olùkọ́ ní ìpàdé. Lórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń retí, obìnrin ló pọ̀ jù, gbogbo wa la sì bo orí. Kò sí ẹni tó bi ẹnikejì ní ohun tó bá wá. Nígbà tó kàn mí, dókítà, obìnrin tí kò tó mi lọ́jọ́ orí, ní kí n ṣí orí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

Ó ní alopíṣíà ni orúkọ àìsàn náà. Ó ṣàlàyé pé ara wa ní àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, pé lára ẹlòmíràn, àwọn ọmọ ogun yìí á ṣìnà, wọn á máa bá gbòǹgbò irun jà bí ẹni pé ọ̀tá ni. Kì í ràn, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe ènìyàn. Gbòǹgbò náà kò kú, ó kàn sá pa mọ́ ni. Oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì ló máa ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà nínú. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú awọ orí, ó sì kọ tábúlẹ́ẹ̀tì fún mi fún ìgbà díẹ̀. N kò ní tan yín lórí abẹ́rẹ́ náà: ó dùn mí dé ìdí eyín, bí ìgbà tí ìjàlọ bo ènìyàn lórí.

"Ẹ má fi kún un," dókítà ní, "ẹ má sì dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ la máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ tuntun. Mo ti ń yọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Kúnlé wá pẹ́ dé. Táyà ló bẹ́ lọ́nà, ó ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún wa. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó wo síkáàfù mi, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Wàràwàrà là ń yọ oró iná. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn, mo ra irú tábúlẹ́ẹ̀tì náà sí i, mo sì ń lo ìlọ́po ohun tí dókítà kọ. Ohun tí mo ń rò kò ju pé kí irun yára dé kí ọkọ mi má bàa kú.

Ojú mi wú, ó di roboto, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń dán. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ní ọkọ mi ń tọ́jú mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ń tọ̀ ṣáá, nítorí oògùn náà lè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Oorun kọ̀ mí. Èyí tó burú jù ni èyí tí n kò lè fi han ẹnikẹ́ni: lọ́sàn-án gangan, bí mo bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, mo máa ń gbọ́ "ẹ kú àràfẹ́rakù" lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mà á yíjú, kò ní sí ẹnì kankan. Nígbà mìíràn, ìró abẹ ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn etí mi, tó ń fá, tó ń fá. Dókítà ti wá sọ fún mi pé àpọ̀jù sítẹ́rọ́ìdì lè da ọkàn ènìyàn rú bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, mo rò pé ìkìlọ̀ láti ọ̀run ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé ọwọ́ lé orí láti gbàdúrà, bí ìyá mi ti kọ́ wa, ìka mi sì rì sínú kòtò kékeré kan. Mo wá òmíràn, mo rí i. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé ni awọ ti fẹ́lẹ́ tó sì jìn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń kún padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò mọ̀. Mo rò pé oògùn náà ń jẹ mí wọnú ọpọlọ ni. Mo kó gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì náà, mo dà á sí ṣáláńgá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń lo irú oògùn yìí, ẹ dúró síbí díẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ẹṣẹ́ wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan tó ń pèsè irú èròjà inú oògùn náà fún ara. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti ń bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹṣẹ́ náà á lọ sùn. Bí a bá wá dá oògùn dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ara á sì dà wó. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè gbé ife omi. Mo ń bì. Níkẹyìn mo ṣubú nílé ìdáná, Kúnlé tó ń fọ bọ́ọ̀sì níwájú ilé sì sáré wọlé. Mo sọ fún un ní ráńpẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mọ àìsàn mi. Ó gbé mi sí ìjókòó iwájú, ó ṣíná.

Síkáàfù mi ti ṣubú sílé. N kò mọ̀, àfi ìgbà tí atẹ́gùn ojú fèrèsé kàn mí lórí. Mo fẹ́ fi ọwọ́ bo orí, ọwọ́ ò gbé.

"Ẹ má wò mí," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Tómi, ẹ má wò mí."

"Kí ló dé?"

"Màmá ní bí ẹ bá rí orí mi báyìí, mo máa dopó."

 Tírélà kan ń bọ̀, Kúnlé dẹ eré fún un títí ó fi kọjá.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i," ó ní. "Síkáàfù ẹ máa ń yọ bó o bá sùn fẹ́ẹ́, èmi ni mo máa ń fà á bò ẹ́ padà. Mo ní ojú ló ń tì ẹ́, ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀. Mò ń rí i, mò ń lọ, mò ń bọ̀." Nígbà tó yá, ó ní, "Èmi rò pé o ò fẹ́ mi mọ́ lo ṣe ń kẹ̀yìn sí mi."

Mo sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ojú mi ò kúrò lójú títì. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjú sí wa ni mo ń pa èémí mọ́ fún, títí mo fi rí àwọn ọlọ́kadà Tákíè láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n dá oògùn náà padà fún mi, wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé, "Kí ló ń lé yín tó báyìí?" 

Màmá wá jókòó tì mí. Ìgbà tí Kúnlé jáde lọ ra omi ló tó lanu.

"Ìyàwó mi, dárí jì mí. Nígbà tí Kúnlé ṣì wà lẹ́yìn mi, làpálàpá bò mí lórí. Èmi fúnra mi ni mo mú abẹ tí mo fá a. Bàbá ẹ̀ rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orí mi rẹwà. Kò pẹ́ rárá tí lọ́rì fi gbá a." Ó fi ọwọ́ pa orí ara rẹ̀. "Nígbà tí àwọn àgbà ilé wá fá irun opó fún mi, wọn ò rí irun kankan fá. Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Wíwò yẹn ni mo ti ń gbé kiri."

 Ó fà sún mọ́ mi.

"Ìwọ tó o kàwé. Kúnlé rí orí ẹ, kò sì kú. Ṣé kì í wá ṣe orí mi ló pa bàbá ẹ̀?"

"Kì í ṣe orí yín, Màmá. Lọ́rì ni."

"Lọ́rì ni," ó tún un sọ. Ó wá sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ojú mi ti fà padà báyìí. Àwọn kòtò orí mi ti ń kún, ọ̀kan ò kún. Irun hù, funfun ló pọ̀ nínú rẹ̀, dókítà ní bó ṣe máa ń kọ́kọ́ padà nìyẹn. Ibòmíràn ò hù rárá, gbogbo rẹ̀ sì tún lè já lọ́la. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yìí tó fara da ohun tí mo dà sí i, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ṣọ́ ọ fún mi. N kò lè purọ́ pé ẹ̀rù ti tán. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi àti Màmá máa ń jókòó síwájú ilé, a ò dé nǹkan kan sórí, àwọn ará àdúgbò á sì máa wò wá. Bí bọ́ọ̀sì bá pẹ́, Màmá á di ọwọ́ mi mú. Ṣùgbọ́n a kì í bo orí, títí Kúnlé á fi dé.