Irin Idà Alhaja Àsúmáù

Ọjọ́ tí àwọn panápaná já wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaja Àsúmáù Àjíṣafẹ́ ni gbogbo Peckham ní London mọ̀ ọ́n. Abẹ́ afárá reluwé ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, níbi tó ti ń rọ irin idà fún àwọn tó ń fi idà ṣeré ìdárayá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ri irin gbígbóná bọ epo lọ́jọ́ náà ni, èéfín sì bo àdúgbò, ẹnì kan bá pe panápaná. Wọ́n gbé páìpù omi wọlé. Alhaja kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn. Atẹ́gùn ń wọlé."

Wọ́n tì í. Ọ̀gá wọn ló bá a di ẹ̀mú mú títí iṣẹ́ fi parí.

A ti sin Alhaja báyìí. Òjò wínníwínní ń rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀pọ̀ èèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, àwa aládùúgbò díẹ̀ la kí ìrun sí i lára.

Rahmah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló sún un dé ìdí iṣẹ́ náà. Nígbà tí Rahmah ń kọ́ eré idà ní ilé ìwé, irin ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré kán, ẹnu rẹ̀ ṣómúṣómú sì gba abẹ́ apá ọmọ náà wọlé. Díẹ̀ ló kù kó kan ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ wẹ́dà ni Alhaja ń ṣe ní Surrey Quays nígbà yẹn. Ó yẹ ibi tí irin náà ti kán wò, ó ní ẹni tó rọ ọ́ kánjú. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ kò kánjú fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Seth, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré idà ní Brockley, mọ èyí dáadáa. Ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá gba irin, Alhaja ní kò tíì jinná. Seth fọwọ́ kàn án, ó ní ó ti le.

"Bisikíìtì náà le," ni Alhaja wí. Ó fi irin náà lu owú, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́.

Ó wá ṣàlàyé pé irin tó ti inú epo jáde gbọ́dọ̀ padà sínú iná tí kò gbóná jù, kí líle rẹ̀ rọ̀, kó lè tẹ̀ kó sì nà padà. Seth jókòó dè é. Tíì tó mu lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kó sùn títí ìdíje fi parí.

Inú òkùnkùn ni Alhaja ti máa ń wo àwọ̀ irin nínú iná, kó lè mọ bó ṣe gbóná tó. Nígbà tó yá, irin bẹ̀rẹ̀ sí í kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pààrọ̀ epo. Ó bá ẹni tó ta epo jà. Ó pààrọ̀ gílóòbù, bẹ́ẹ̀ kì í tan iná mànàmáná ṣiṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe Rahmah wá síbi iná, ó bi í léèrè àwọ̀ irin náà.

"Mummy, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bíi salmon."

"Irin ni mo ní kó o wò, kì í ṣe ẹja."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Alhaja di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Rahmah, mi ò rí àwọ̀ náà mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Rahmah ti ń bá a wo iná, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, títí òtútù ọdún yìí fi kọlu Alhaja. Ní ọsibítù, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá ẹni tó rọ abẹ́rẹ́ yẹn fara balẹ̀. Kò padà wálé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Rahmah nìkan ló lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Irin àkọ́kọ́ tó rọ kán nígbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó dúró kí ẹnì kan bá òun wí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún.

Ó nu ojú, ó ki òmíràn bọná. Èyí tẹ̀, ó sì nà padà. Rahmah mú ìṣó, ó ha orúkọ ìyá rẹ̀ sí ìdí irin náà, níbi tí èèkù máa bò mọ́lẹ̀. Lẹ́tà náà wọ́ díẹ̀, Alhaja ì bá ní kó tún un kọ. Ó fi èèkù bò ó. Ọmọ kan máa dì í mú ní Brockley, kò sì ní mọ̀ pé Àsúmáù wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òun.