Bàbá Àjàgbé Tó Ń Bá Irin Ná Ọjà

Ọgọ́jọ náírà ni Àtọ́kẹ́ ra ọ̀pá irin kan ní Dùgbẹ̀, Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀kítóbà 1994. Ó gbé e lọ bá olóògbé Bàbá Àjàgbé, alágbẹ̀dẹ Agbówó, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ata. Tàtijọ́ ti sọnù, ọmọ mẹ́ta ló sì ń jẹun nídìí ẹ̀rọ náà.

Bàbá ki irin bọná, ó pọ́n roro, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku ìtẹ̀ kan, pípọ́n rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn bọ̀.

Fèyísọ́lá, tíṣà yunifásítì tó ń kọ́ni nípa irin, jókòó níbẹ̀ tó ń dúró de àdá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dá a padà síná. Bó ṣe wà yìí, kì í gba títẹ̀."

"Èédú wọ́n, Tíṣà." Wọ́n wá kọjú sí irin. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Ṣáà gbà."

Irin ò gbà. Ó ya.

Nígbà tó tutù, Fèyísọ́lá gbé e sójú oòrùn. "Ẹ wò ó, hóró hóró ni, bíi gàrí. Tó bá gbóná dáadáa, gbogbo hóró ló jọ ń fà. Tó bá ń tutù dé ibi tẹ́ ẹ bá a yẹn, ibi tí hóró ti kan hóró nìkan ló máa ń rọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo fífà máa ń já lé, ibẹ̀ náà ló máa ya."

Bàbá wò ó títí. "Àtọ́kẹ́, tó bá jẹ́ gàrí ni wọ́n tà fún ọ, Dùgbẹ̀ ni kó o lọ bá wọn jà."

"Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ, Bàbá."

"Èmi kọ́. Èmi àti irin ò tíì ná ọjà tán ni."

Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Nígbà kan, dókítà eyín kan ní Ring Road ní kí wọ́n san ọgọ́ta náírà kóun yọ eyín kan. Bàbá ní ìdajì ẹ̀ ti kán dànù kí àwọn tó wá, ọgbọ̀n náírà ló kù. Márùndínlógójì ni dókítà gbà.

Àtọ́kẹ́ wá ń yá ọwọ́ ẹ̀rọ aládùúgbò. Kí wọ́n tó yá a tán, àwọn oníbàárà ti lọ. Bàbá ń gbọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n lọ sí Dùgbẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó ń ta irin ní igba náírà ni, wọ́n ka igba náírà fún un. Ọkùnrin náà sáré tẹ̀ lé wọn dé títì, ó ní ṣé ara Bàbá yá.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dá irin yẹn padà síná.

Ọdún 1998 la sin Bàbá. Níbi ìsìnkú, nígbà tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ eyín, Àtọ́kẹ́ nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ ẹ̀rọ yẹn lòun fi yí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ ọjọ́ náà kóun tó wá.

Bàbá ló gbé e wá bá a nídìí ẹ̀rọ ata rẹ̀ ní Bódìjà, tí wọ́n ki í bọ ẹ́ńjìnnì fúnra wọn, tí wọ́n yí i, tó dún.

"Èló ni, Bàbá?"

"Ọ̀kan ni mo ṣẹ́ fún ọ. Ọ̀kan nìyẹn."

Sátidé ni, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Dìsẹ́ńbà 1994, aago méje ààbọ̀ àárọ̀.