Bàbá Téèpù àti Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ẹgbẹ́

Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.

Télọ̀ obìnrin ni mí. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ọtí ò ti kan ẹnu mi, èmi náà ni mo sì ń darí ìpàdé àwa tí ojú wa ti rí màbo lọ́wọ́ ọtí. Gbogbo ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Àga onírin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, tábìlì kan, àti pátákó dúdú kan lára ògiri. Orí pátákó yẹn ni òfin wa wà: kálukú ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ iye ọjọ́ tó ti lò láìmutí. Ẹni tó bá ṣubú, òun náà ni yóò fọwọ́ ara ẹ̀ pa á rẹ́, táá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a pa á rẹ́.

Kápẹ́ńtà ni Bàbá Téèpù. Téèpù ìwọ̀n kì í kúrò lápò ẹ̀. Bó ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ láá máa fi wọn etí tábìlì láìmọ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó wo tábìlì wa tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń mì, ó ní, "Àbúrò, tábìlì yín gan-an ti yó." Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tún un ṣe.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Bàbá yìí ti mutí yó lọ sílé ìwé ọmọ náà rí. Ó mutí yó ṣubú níbi ìgbéyàwó ẹ̀, ó tún bú ìyá ọkọ ẹ̀ lójú gbogbo èrò. Nígbà tí ọmọ náà wá bímọ tiẹ̀, kò jẹ́ kó fojú kan ọmọ. Nígbà tí bàbá sọ fún un nípa pátákó wa, ó ní, "Bàbá mi, mi ò lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu yín gbọ́ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọdún kan bá pé lórí pátákó tí ẹ̀ ń sọ yẹn, màá mú ọmọ-ọmọ yín wá síbẹ̀. Tí kò bá pé, ká máa rí i bẹ́ẹ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ nọ́ńbà ẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ ẹ sára igi. Òun ló ń kọ́kọ́ dé, òun ló ń to àga. Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, inú mi dùn débi pé mo kó ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá wa ṣílẹ̀kùn. A fọkàn tán yín." Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ló wà nínú ìdì yẹn. Ọ̀kan ni ti yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò ń kó páálí ọtí sí de àríyá ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kọjá níwájú ilẹ̀kùn yẹn, mo wá rò pé bó ṣe rọrùn fún mi náà ló ṣe rọrùn fún gbogbo èèyàn. Wọ́n ní ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi tí mo ti jìn sí i rí, ọwọ́ mi ni mo fi ti ará ẹ̀yìn sínú ẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí ọdún pé nígbà tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ìdì kọ́kọ́rọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. "Àbúrò, gba nǹkan rẹ." Kò jókòó. Òórùn ẹ̀ ti sọ fún mi kó tó yí padà. Ó yẹ kí n bi í. Ohun tí mo sọ ni, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n," mo bá ń ránṣọ mi lọ. Mo ń rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ta ló máa mọ̀? Ẹnu tí mo fi ń ka òfin fáwọn èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òwú ni mo fi ń já lọ́jọ́ náà.

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Ó ránṣẹ́ pé òun ń kan àga.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ ẹ̀ wá lóòótọ́, aṣọ iṣẹ́ wà lára ẹ̀, ó fa ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta lọ́wọ́. Bàbá ti gbé àga igi kékeré kan sáàárín àwọn àga onírin wa. Ó ti pẹ́ tó ti bẹ ọmọ ẹ̀ lórí fóònù pé kó bá òun wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà, láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà lọ jókòó sórí ẹ̀. Bàbá ò bojú wo ẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ pátákó ló lọ tààrà, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó parọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa nọ́ńbà ẹ̀ rẹ́. Ó kọ méjìlá.

"Mo lọ tún fèrèsé yàrá yìí ṣe," ó ní. "Mo ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ẹnikẹ́ni ò tì mí."

Ọmọ ẹ̀ gbé ọmọkùnrin náà kúrò lórí àga, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ọmọ mi, èmi ni mo fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀bi mi ni."

"Àǹtí, kọ́kọ́rọ́ kì í mutí."

"Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ fún ẹ. Ká ní wọ́n fẹ́ ni, wọn ì bá parọ́."

Ó yíjú sí mi. "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo nílò òótọ́ yẹn," ó ní. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà wọlé, bàbá ti ń ká àga jọ. Ó fi kékeré yẹn sílẹ̀ láàárín ilé. Inú ń bí mi sí i, inú ń bí mi sí ọmọ ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń bí mi sí ara mi ló pọ̀ jù. Kò bi mí ohun tí ọmọ ẹ̀ sọ.

"Àbúrò," ó ní, "nígbà tó jókòó, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀?"

"Ó kanlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Méjèèjì."