Bàbá Wà Nínú Igbó

Fún odidi ọdún méjì tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀, èékánná Festus Ọládùnjoyè dúdú bí ti ẹni tó ti ọwọ́ bọ ìgò tàdáwà, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó fà á. Akọ̀wé ni. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá ló ti ń jókòó láàárín òǹtẹ̀ àti eruku láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ta ni yóò bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú? Ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́ pé, "Ẹ wo ọwọ́ Bàbá Ọládùnjoyè, ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn." Festus á rọra ti ọwọ́ bọ àpò. Iṣẹ́ tó sọ ọwọ́ rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ obìnrin ni ní ìlú rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i. Aláró ni ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin márùn-ún ni obìnrin náà sì bí, kò bí obìnrin kankan. Festus ni àbígbẹ̀yìn, bó ṣe di ọmọbìnrin ilé nìyẹn, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Òun ló ń bá ìyá rẹ̀ já ewé ẹ̀lú, òun ló ń gún un, òun ló ń da omi sórí eérú nínú àjẹrẹ, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí, kí omi eérú lè máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ba etí àjẹrẹ náà, tí ibẹ̀ sì fọ́ ní ìwọ̀n àtàǹpàkò ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ò nà án. Ó ní, "Kò burú. Èyí ni n ó máa fi rántí rẹ bí o bá di ọ̀gá níbi tó jìn." Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn ará ilé ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ní ọkùnrin kì í ṣe aláró, wọ́n sì fà á lé iléèwé àwọn Onítẹ̀bọmi lọ́wọ́. Kò di ọ̀gá. Àmọ́ ibi tó lọ jìn lóòótọ́.

Ìyá náà kú ní ọdún 2003. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wo ilẹ̀ àti òrùlé, Festus ń wo àjẹrẹ. Ọ̀dọ̀ Gàníyátù, àbúrò ìyá rẹ̀, ló wà. Nínú gbogbo aláró agboolé náà, òun nìkan ló ṣẹ́ kù, kò sì rẹ aṣọ mọ́. Ó ti dojú àjẹrẹ dé orí àwọn ọmọ adìẹ rẹ̀ kí àwòdì má baà gbé wọn. Ihò ìdí rẹ̀ sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé sí wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àjẹrẹ ìyá mi," Festus wí lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa rẹ aṣọ."

Gàníyátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ìwọ Fẹ́sítọ́ọ̀sì yìí? Aláró kì í ní irùngbọ̀n o! Gbọ́ mi dáadáa. Àjẹrẹ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ kí àlejò lè rí i. Lọ́jọ́ tí o bá mú aṣọ tí o fọwọ́ ara rẹ rẹ wá, tí mo fọ̀ ọ́ tí omi rẹ̀ ṣì mọ́, o lè gbé e. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sì já ewé rẹ̀ nínú igbó tó wà nítòsí rẹ. Aláró tí kò mọ ibi tí ewé rẹ̀ wà, alágbàfọ̀ ni. Ṣùgbọ́n yára o. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bí mo bá lọ, ààtàn ni àwọn ọmọ mi á sọ ọ́ sí."

Festus mú ìró aró ìyá rẹ̀ kan tó ti ṣá, ó padà sí Àbújá. Àjẹrẹ yẹn wù ú. Ó wù ú ju owó ìfẹ̀yìntì lọ.

Ilé oníyàrá méjì ló ń gbé ní Jabi, igbó sì ṣì wà lẹ́yìn ilé wọn títí dé ẹ̀bá adágún odò. Gbogbo Sátidé ló ń wọ igbó náà pẹ̀lú àdá kékeré àti àpò funfun kan. Ohun tó bá rí, á gbé e wálé, á sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ohun tó ń jẹ́ kí àwọ̀ mú aṣọ, tó rà ní ọjà Utako, á sì ki àkísà bọ̀ ọ́. Ewé àyìn fún un ní àwọ̀ bí ìyeyè. Èèpo ìrá fún un ní àwọ̀ bí ilẹ̀ pupa. Pòròpóró ọkà tó ṣà lóko àwọn Gbàgyí pọ́n yòò. Ṣùgbọ́n ẹ̀lú, èyí tí kò sí aró láìsí i, kò fojú kàn án. Àwọn èèyàn a máa wúre pé àgbé kì í ráhùn aró. Festus kì í ṣe àgbé. Ó ráhùn aró títí ọdún 2004 fi parí.

Felicia, ìyàwó rẹ̀, ti pàdánù ìkòkò ọbẹ̀ méjì sí ọ̀ràn náà. Àwọn ará ilé náà sì ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí òórùn ohun tó ń hó lẹ́yìnkùlé wọn kì í ṣe òórùn oúnjẹ.

"Daddy Hadassah," obìnrin náà ní lọ́jọ́ kan, "ẹ sọ fún wọn pé aṣọ lẹ ń sè. Wọ́n ń rò pé oògùn owó ni."

"Kí n wá sọ pé mò ń ṣe aláró?"

"Ṣé oògùn owó ló wá sàn?"

Festus rò ó wò. "Ó sàn díẹ̀," ó ní.

Ní ọdún 2005, Màálàm kan tó ń rán fìlà ní ọjà Utako rí ìró tí Festus ká sábẹ́ abíyá, ó sì fọwọ́ pa á. Festus kò tíì rí ọkùnrin tó fọwọ́ pa aṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé ìtìjú tà, ó bi í ní èdè tí àwọn méjèèjì gbọ́: "Màálàm, abeg, which leaf dem dey take do dis colour?"

"Kai!" Màálàm ní. "Baba ne. Baba yana daji, bakin ruwa."

Hausa tí Festus gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó èyí. Igbó ni daji, omi ni ruwa. Bàbá ńkọ́? Ta ni kò mọ bàbá? Bàbá àgbàlagbà kan ń gbé inú igbó létí omi, òun ló mọ̀ nípa aró. Festus dúpẹ́, ó fò fẹ̀rẹ̀ lọ sílé.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ra gbànja, nítorí ọmọlúàbí kì í lọ bá àgbà lọ́wọ́ òfìfo. Ó kọ́ bó ṣe máa kí i: "Sannu, Baba." Ó dé etí omi, ó fi àpò rẹ̀ kọ́ igi kúkúrú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá Bàbá kiri. Ó bá apẹja kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ní Sátidé kejì, ó bá Fúlàní arúgbó kan, ẹni yìí sì jẹ́ Bàbá lóòótọ́: ó gba obì méjì, ó ṣàdúrà gígùn fún un, kò sì mọ nǹkan kan nípa aró. Ní Sátidé kẹrin, ó bi ọmọbìnrin kan tó ń kiri wàrà pé, "Ina Baba?" ìyẹn ni pé, Bàbá dà? Ọmọ náà wò ó sùn-ùn, ó nàka sí igi tí àpò rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Festus rò pé ẹ̀yìn igi náà lọ́hùn-ún ló ń nàka sí. Ó rìn gba ibẹ̀ lọ títí bàtà rẹ̀ fi já.

Sátidé méje ló fi wá a. Gbànja tó ṣẹ́ kù rà sínú àpò, oje rẹ̀ sì sọ àpò funfun náà di àwọ̀ bí awọ ìgalà, ọṣẹ ò ràn án. Bó ṣe di pé obì tó rà fún Bàbá náà ń pa aṣọ láró nìyẹn.

Ó padà lọ bá Màálàm. "I never see Baba o. Abi Baba don travel?"

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Màálàm. Nígbà tí ó yé e, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gun ọ̀kadà wá, Festus sì mú un dé ibi tó máa ń dúró sí, ó fi àpò rẹ̀ kọ́ ibi tó máa ń fi í kọ́. Màálàm lọ tààrà síbẹ̀.

"Ga Baba nan," ó ní. Bàbá nìyí.

Festus yọjú wo ẹ̀yìn igi náà. Kò sí ẹnì kankan.

Màálàm já ewé rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, ó sì nà án sí imú Festus. "Dis one! Dis leaf, na im name be baba."

Ewé náà kéré ju ẹ̀lú ilé wọn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n nígbà tó rún un sọ́wọ́ tó sì pẹ́ díẹ̀, ìka rẹ̀ ṣú, ó sì dá àwọ̀ náà mọ̀.

"My papa do dis work for Kano," Màálàm ní. "My grandpapa too."

"Your papa? No be your mama?"

"Mama?" Ẹnu ya Màálàm. "Na woman dey do am for una side? Kai!"

Festus jókòó sílẹ̀ nínú koríko. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ìtìjú yìí ti ń bá a gbé, ìrìn ọjọ́ kan péré ló sì wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Kano, níbi tí kò ti sí irú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún dùn ún pé kò tètè mọ̀.

Aró ò kúkú dẹrùn. Ike ọ̀dà tó fi ìṣó lu ihò sí nídìí ló fi ṣe àjẹrẹ, eérú igi àyìn ló kó sí i. Aró àkọ́kọ́ kú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Èkejì kú. Nígbà tí aládùúgbò kan bi í léèrè ohun tó wà nínú ike, ó gbójú sókè, ó ní, "Aró ni. Ní Kano, ọkùnrin ló ń ṣe é." Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, wọn ò bi í mọ́. Ní ọdún 2007, tí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, ó yọ aṣọ kan jáde láti inú aró. Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ṣú lójú rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà ló gba ibùdókọ̀ Jabi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Gàníyátù ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n gbé abọ́ tánganran funfun wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ náà, ó sì ní kí ọmọ ilé wo omi rẹ̀.

"Ó mọ́, Màmá."

"Wò ó dáadáa."

"Ó mọ́."

Ó fi igun aṣọ náà kan ahọ́n. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ewé wo lo fi rẹ ẹ́? Kò rùn bí ẹ̀lú wa."

"Bàbá ni, Màmá."

"Mo ti gbà pé bàbá ló rẹ ẹ́," Gàníyátù wí. "Ojú mi ló ṣú, etí mi ò di. Ewé ni mo bi ọ́."

Festus fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sún un mọ́ ojú, ó ń wo èékánná rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan títí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi pé. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Irú ọwọ́ ìyá rẹ nìyí." Omi bọ́ lójú Festus, kò sì nù ún.

Ó dìde, ó lọ síbi tí àjẹrẹ wà. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti fọ́ ọ, ó rí i, kò gba ìka rẹ̀ mọ́.

"Rọra o," Gàníyátù ní láti ibi tó jókòó sí. "Ọmọ adìẹ mẹ́fà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kó wọn jáde kí o tó gbé e lọ."