Àsíá Tí Ìyá Iwao Fi Ṣe Gèlè

Láàárọ̀ tí Iwao fẹ́ ta àsíá funfun, kò rí i lórí igi rẹ̀. Orí ìyá rẹ̀ ló wà.

Ní abúlé wa, bí àsíá kò bá gòkè, ọkọ̀ kankan kì í wọ omi lọ gé kónbù, ewéko inú òkun tí à ń jẹ tí a sì ń tà. Iwao ni a yàn sídìí àsíá. Kiyono, tí ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ni ìyá tó bí i, àgídí rẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ. Lọ́dún náà, kónbù ọlọ́dún-méjì tí à ń gé kò tó nǹkan. Àwọn ọlọ́kọ̀ bá pinnu pé àwọn yóò gé ọlọ́dún-kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ti rí yẹn. Segawa, àgbà wọn, ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá Iwao fàáké kọ́rí.

"Segawa, ṣé o ò mọ̀ ni, àbí ò ń díbọ́n? Oòrùn ni ewé yìí fi ń ṣe ṣúgà. Àsìkò yìí ló ń tọ́jú ẹ̀ sára. Tí yìnyín bá bo òkun, tí ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn, ohun tó fi pa mọ́ yẹn ló máa jẹ, tí á fi yọ ewé tuntun nídìí. Ẹ gé e lónìí, kí ló fẹ́ jẹ nígbà òtútù? Yìnyín?"

Segawa pàṣẹ kí Iwao gba àsíá. Ìyá Iwao tẹ orí sílẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀.

"Gbà á. Já a lórí mi lójú gbogbo wọn."

Iwao wo orí náà títí. Ọmọ wo ni yóò já gèlè lórí ìyá tó bí i? Ó yí padà, ó gbalé lọ.

Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tó kórìíra rẹ̀ ló pọ̀ jù. Kò sẹ́ni tó bá a fa ọkọ̀ rẹ̀ gòkè mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń lá ọbẹ̀ tó ṣàn bí omi. Àsíá náà kò kúrò lórí rẹ̀ títí yìnyín fi dé, títí ó fi lọ. Ó ń fi í sùn, ó ń fi í ra ẹja. Bí wọ́n bá bú u lọ́nà, á tún un wé, á kọjá.

Nígbà tí oṣù keje, àsìkò tí à ń gé kónbù, padà dé, ó ṣa ewé kónbù kan tí ìgbì gbé wá sí etí òkun, ó nípọn bí awọ bàtà. Ó sá a sórí òkúta títí ìyẹ̀fun funfun fi yọ láti inú rẹ̀, tó bò ó lára. Ó pe Iwao, ó ní kó lanu, ó fi ìyẹ̀fun náà ra ahọ́n rẹ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, Màámi."

Ó tú àsíá kúrò lórí, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Lọ ta á. Kó o sì sọ fún Segawa pé èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọ omi."